Bí a ṣe ń fi scan wá omi nínú orúnkún: fún ẹni tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n

Ẹ ti lọ sí kíláàsì ọlọ́jọ́ méjì. Ẹ wo olùkọ́ bó ṣe gbé probe, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí a ń gbé lé ara, lé orúnkún tí gbogbo nǹkan hàn kedere. Ẹ padà sí Ìkòròdú, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ gbé probe lé orúnkún aláìsàn àkọ́kọ́, ohun tí ẹ rí kò yàtọ̀ sí èéfín. Nígbà míì ó tún ń burú jù bẹ́ẹ̀: àwòrán mọ́, orúnkún wú bí àgbọn, síbẹ̀ ẹ kò rí omi kankan, ẹ wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Omi wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àwa mẹ́rin la jọ ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí láàárọ̀ Sátidé, nínú yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sábó: dókítà méjì, nọ́ọ̀sì kan, àti ẹnì kan tó ń ṣe físíò. Gbogbo wa là ń tọ́jú àwọn tí làkúrègbé àti àrùn oríkèé ń bá jà. Ọ̀nà tí a gbà ni mo kọ síbí, orúnkún nìkan ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èjìká, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ń lé eku méjì.

Ohun tí ẹ máa tọ́jú sílẹ̀

- Ẹ̀rọ scan tó ní probe olójú pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní linear. Èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n fi ń wo aboyún, kọ́ la fẹ́. Ìró tó wà láàárín 7 sí 12 MHz tó fún orúnkún. Ìka ọwọ́ ló ń fẹ́ 15 sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ fóònù náà ṣeé fi kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó máa ń gbóná, ó sì lè pa ara rẹ̀ bí ẹ bá lò ó láìsinmi. Ẹ máa tẹ freeze, bọ́tìnì tó ń dá àwòrán dúró, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.
- Jẹ́ẹ̀lì, kó pọ̀. Ahun kì í rí àwòrán tó dáa.
- UPS tàbí inverter. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ju ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ.
- Bẹ́ẹ̀dì, tówẹ̀lì kan tí ẹ máa ká roboto, àga tó ṣeé gbé sókè-sílẹ̀, àti kọ́tìnì.
- Orúnkún tó dá ṣáká. Tiyín ló sún mọ́ yín jù.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan, kì í ṣe ẹ̀yìn káàdì.
- Fún ìpele abẹ́rẹ́ nìkan: itan tòlótòló kan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, síríǹjì, abẹ́rẹ́ gígùn, àti zobo. Mo máa ṣàlàyé zobo náà.

Bí jẹ́ẹ̀lì bá tán lọ́jọ́ ìdánrawò, a ti fi sítáàṣì àgbàdo dípò rẹ̀: ìwọ̀n sítáàṣì kan sí ìwọ̀n omi mẹ́wàá, ẹ rò ó lórí iná títí á fi ki bí ẹ̀kọ mímu, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lò ó tán. Kò gbọdọ̀ kan ojú egbò, a kì í sì í lò ó níbi tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ wọlé.

Ìpele 1: Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ń fo èyí. Lọ́dọ̀ wa, scan ti di ọ̀rọ̀ aboyún. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́ "scan", wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Dókítà, ta ló fún mi lóyún?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà á gan ẹsẹ̀, orúnkún tó gan kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan.

Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Màmá, omi inú orúnkún yín la fẹ́ wò. Kò sí abẹ́rẹ́ lónìí. Nǹkan tutù díẹ̀ la máa fi pa á. Bó bá dùn yín, ẹ sọ fún mi." Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ìdọ̀tí egbò ti gba inú oríkèé, ẹ má sọ lójú wọn pé ọyún lẹ̀ ń wá. Ẹnì kan lára wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà yẹn kan náà. Ẹ fojú inú wo ìyókù.

Ìpele 2: Ìjókòó tiwọn, ìjókòó tiyín

Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ ti tówẹ̀lì sábẹ́ orúnkún kó tẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 30. Ìwọ̀n yìí náà ni ìtọ́sọ́nà tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí àrùn oríkèé ní Yúróòpù, tẹ̀ jáde ní 2017 ní kí a lò fún iwájú orúnkún. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán, iṣan iwájú orúnkún á dẹ̀, á sì ká kọrọdọ, àwòrán rẹ̀ á sì rí wúruwùru.

Ẹ jókòó kí ojú ẹ̀rọ wà níwájú yín gan-an. Mo ti rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ara rẹ̀ tó ń yí ọrùn bí òwìwí. Láàárín wákàtí kan ọrùn tirẹ̀ náà di ti aláìsàn. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì di probe mú nísàlẹ̀, nítòsí ojú rẹ̀. Ìka kékeré àti ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ni kó fara ti ẹsẹ̀ aláìsàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń di probe mú lókè níbi wáyà, ọwọ́ wọn wà lófuurufú, gbogbo ìwúwo apá wá já lé orúnkún.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé ojú kúrò lára ọwọ́ yín, ẹ wo ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí àwòrán kò bá ṣí nípò, ìjókòó yín ti dáa.

Ìpele 3: Bọ́tìnì mẹ́rin péré

Ẹ mú ètò tí wọ́n kọ MSK sí, ìyẹn ti iṣan, eegun àti oríkèé. Ẹ fi depth, ìyẹn bí àwòrán ṣe jìn tó, sí 3 tàbí 4 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ lè rí ojú eegun itan nísàlẹ̀ àwòrán láìfi ibi òfìfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sanra á fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé focus, ibi tí àwòrán ti mọ́ jù, sí ibi tí ẹ fẹ́ wò. Gain, ìyẹn bí àwòrán ṣe tàn tó, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá pọ̀, omi tó yẹ kó dúdú á di eérú, ẹ ó sì máa pè é ní ohun mìíràn.

Kí ẹ tó gbé e lé ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ojú probe, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó mì lójú ẹ̀rọ. Apá òkè, ìyẹn apá itan, ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì àwòrán. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló ń gbà, àmọ́ àwòrán tí a yí sódì kò wúlò fún ẹni tó máa kà á lọ́la.

Ìpele 4: Àwòrán àkọ́kọ́

Ẹ gbé probe sókè ọmọrí orúnkún, kó nà tọ ojú itan. Ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ kan eegun ọmọrí náà, kí ẹ lè rí i bí ìlà funfun tó ní òjìji dúdú lábẹ́ rẹ̀. Eegun yẹn ni òpó tí ẹ máa dì mú. Bí ẹ bá sọnù, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí wọn nìyí: awọ ara, ọ̀rá abẹ́ awọ, iṣan ńlá iwájú itan tó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí okùn ọ̀pọ̀ fọ́nrán, ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, àpò oríkèé, ọ̀rá mìíràn, lẹ́yìn náà ojú eegun itan, funfun, tó mú bí etí abẹ. Nínú orúnkún tó dá, àpò náà kì í ju ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀rá méjì, ẹlòmíràn kò tiẹ̀ ní rí i rárá.

Ọ̀rá méjì yẹn ni ẹ kọ́ láti dá mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ti mọ ibi tí omi yóò gbà wọlé.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ freeze, ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín kó fi ìka tọ́ka sí ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì ń pe ọ̀rá ní omi, ẹ má tíì lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 5: Ìwúwo ọwọ́

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí náà ni mo sì ti rí i tí àwọn tó mọ gbogbo bọ́tìnì ti ń kùnà.

Omi inú oríkèé kì í dúró de ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Probe tó wúwo á lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú méjèèjì àpò á pàdé, ẹ̀rọ á sì fi hàn yín pé kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ kò purọ́ o. Lójú ibi tí ẹ tẹ̀ yẹn, kò sí nǹkan mọ́ lóòótọ́.

Bí a ṣe ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún. Ẹ da jẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara yín, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti yọ, ẹ gbé probe lé e, kó dábùú iṣan náà. Ẹ ó rí ihò dúdú roboto. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ihò náà á pẹlẹbẹ, á sì parẹ́. Iṣẹ́ yín ni láti mú kí ihò náà wà ní roboto fún ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ pé àwòrán kúrò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni mo lè ṣe kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ń ṣe físíò láàárín wa, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ títẹ ara ènìyàn lójoojúmọ́, ló pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ yege, ó ní bí òun ṣe ń wá iṣan fún ọmọ ìkókó náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ padà sí orúnkún. Ẹ da jẹ́ẹ̀lì kó ga. Ohun tí ẹ máa wò ni òkè àwòrán: ó yẹ kí ẹ rí ìlà jẹ́ẹ̀lì dúdú láàárín probe àti awọ. Bí ìlà yẹn bá ti sọnù, ẹ ti ń tẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kó fúyẹ́ tó lọ́wọ́ yín.

Kí aláìsàn wá fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ tówẹ̀lì mọ́lẹ̀, kí itan rẹ̀ le. Omi kékeré tó sá pamọ́ máa ń ṣàn wá sínú àpò òkè nígbà náà. Ẹ tún lè fi ọwọ́ kejì rọra fún ẹ̀gbẹ́ ọmọrí orúnkún lọ́tùn-ún lósì, kí omi lè sún sókè.

Bí ẹ bá ti rí ohun dúdú, ìgbà yẹn ló tó di ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀. Ní 2005, OMERACT, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí àrùn oríkèé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tẹ ìtumọ̀ jáde tí gbogbo wa ń lò dòní: ohun tó bá ṣí nípò tó sì fúnpọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí Doppler (ètò ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ hàn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn) kò tàn nínú rẹ̀, omi ni. Èyí tí kò ṣí, tó ṣòroó tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí Doppler sì lè tàn nínú rẹ̀, awọ inú oríkèé tó ti nípọn ni. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú, nítorí omi lè wà nínú orúnkún tí ọjọ́ orí àti iṣẹ́ kàn ti jẹ, ṣùgbọ́n awọ tó nípọn tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tàn nínú rẹ̀ ń sọ fún yín pé àìsàn náà ń jó lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò: ẹlẹgbẹ́ yín wo orúnkún kan, ẹ̀yin náà wò ó láìgbọ́ ohun tó rí. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ṣọ̀kan lórí orúnkún mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Òfin tiwa nìyẹn.

Ìpele 6: Ẹ yí i, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́

Ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ yí probe kó dábùú, ẹ tún wo ibi kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde àti ẹ̀gbẹ́ inú ọmọrí orúnkún, nítorí bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni omi díẹ̀ máa ń kó jọ sí. Bí ojú eegun bá dà bí ẹni pé ó jẹ, a kì í pè é ní egbò eegun àfi tó bá hàn ní inàró àti ní ìdábùú.

Ìpele 7: Dúdú tó ń tan ni jẹ

Ẹ sún sí ìsàlẹ̀ ọmọrí, sí iṣan tó so ó mọ́ ojúgun. Ẹ ó rí i pé níbi tó ti wọ eegun, iṣan náà dúdú bí ẹni pé ó já. Kò já. Iṣan máa ń tàn nígbà tí ìró ẹ̀rọ bá bọ́ sí i lójú gán-án ni; bó bá ti dagun díẹ̀, á ṣókùnkùn. Ẹ fi etí probe kan rọra tẹ̀, kí ìkejì gbéra díẹ̀, bí ẹni ń mi ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Bí ibi dúdú náà bá tàn, irọ́ ni. Bí ó bá dúdú síbẹ̀ lójú méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ọgbọ́n kan náà ń ràn wá lọ́wọ́ lórí gout, àrùn tí iyọ̀ tó ń kó jọ sínú oríkèé ń fà. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn ká orúnkún dé ibi tó lè ká a dé, ẹ gbé probe dábùú sókè ọmọrí. Ẹ ó rí eegun rírọ̀ tó bo orí eegun itan, irú èyí tí a ń rún bíi bisikíìtì bí a bá ń jẹ adìẹ. Ó dúdú, ó sì dọ́gba. Iyọ̀ gout máa ń bò ó lójú òkè, á wá dà bíi pé eegun ní ìlà funfun méjì. Bí ẹ bá yí igun probe tí ìlà òkè ṣì wà, iyọ̀ ni. Ìlà tó sá lọ kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó sì tò sí àárín eegun rírọ̀, tí kò sí lójú rẹ̀, irú iyọ̀ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe gout.

Ìpele 8: Doppler

Ẹ dán ẹ̀rọ wò lára ara yín ná. Ẹ gbé probe lé orí ìka ọwọ́ yín pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ẹ tan power Doppler. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ tó ń tàn níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i lórí ìka ara yín, ẹ má gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́ lórí orúnkún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi PRF, bọ́tìnì tó ń pinnu bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yára tó kí ẹ̀rọ tó rí i, sísàlẹ̀, láàárín 0.5 sí 1 kHz, kí wall filter, asẹ́ tó ń yọ ohun tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kúrò, wà níbi tó kéré jù. Ẹ gbé gain Doppler sókè títí àwọ̀ á fi wọ́n ká gbogbo ojú ẹ̀rọ, kí ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi mọ́. Ẹ fa àpótí Doppler dé òkè àwòrán, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè má baà sọ òjìji rẹ̀ sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Ìwúwo ọwọ́ ni àkọ́kọ́, ó tún dé: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ tó wú kéré gan-an, títẹ̀ díẹ̀ ti tó láti pa á. Ìkejì ni pé orúnkún tó ká máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Nítorí náà, ẹ yọ tówẹ̀lì, ẹ na ẹsẹ̀, kí ó dẹ̀. Tí ó bá tàn, a ń kà á láti 0 dé 3. Ní 2, àwọ̀ náà kò tó ìdajì awọ tó nípọn náà; ní 3, ó ju ìdajì lọ.

Ìpele 9: Abẹ́rẹ́, lórí tòlótòló

Ẹ ra itan tòlótòló ní Sábó. Bó bá jẹ́ ti inú fíríìsà, kí yìnyín inú rẹ̀ tú pátápátá, torí ẹran tó dì kì í jẹ́ kí ẹ rí nǹkan. Ẹ gé ìka kan lára ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ rọ zobo kún un, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde tán, ẹ so ó, ẹ tì í sínú ẹran náà. Afẹ́fẹ́ tó bá kù máa ń funfun lójú ẹ̀rọ, á sì bo gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ da jẹ́ẹ̀lì sínú ìbọ̀wọ́ mìíràn, ẹ wọ̀ ọ́ fún probe. Kí abẹ́rẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ probe, kó tọ ìlà rẹ̀ gígùn. Bí ó bá dúró ṣánṣán jù, ẹ kò ní rí i. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, ẹ má tì í síwájú. Ẹ dá ọwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, kí probe ló máa wá a kiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mi méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì máa wá ara wọn kiri bí afọ́jú méjì nínú ọjà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò lè ṣini lọ́nà: zobo pupa nínú síríǹjì. Tí a bá rí i nígbà mẹ́wàá léraléra, a máa dúró ti ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n kí a tó fọwọ́ kan orúnkún ènìyàn. Ẹ nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lára probe, ẹ fi oògùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí nù ún. Spirit máa ń ba ojú àwọn probe kan jẹ́. Tòlótòló náà, ẹ sọ ọ́ nù. Mo mọ iye tí ẹ rà á.

Ohun tí scan kò lè sọ

Omi dúdú kò sọ bóyá ìdọ̀tí ni tàbí omi lásán. Orúnkún kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tí ara sì ń gbóná pẹ̀lú: kí a fa omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó lọ sí láàbù. Ẹ má fi Doppler ṣeré níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìbàdí ń dùn: scan lè fi omi hàn níbi oríkèé ìbàdí, àmọ́ kò lè wo inú orí eegun tó ń kú. X-ray àti MRI ni ti ìyẹn, X-ray náà sì lè má fi í hàn níbẹ̀rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀

Fún orúnkún kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, apá ọ̀tún tàbí òsì, omi wà tàbí kò sí, awọ nípọn tàbí kò nípọn, iye Doppler, àti ohun tí ẹni kejì rí. Ẹ tọ́jú àwòrán inàró kan, ìdábùú kan, láìkọ orúkọ aláìsàn sí i. Ní òpin oṣù, ẹlòmíràn ni kó ka àwòrán náà láìwo ohun tí ẹ kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín kò bá ti bára mu, ẹ bi ara yín bóyá ìlà jẹ́ẹ̀lì wà lókè àwòrán yẹn. Nínú ìwé tiwa, ìlà yẹn kò sí nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí a ṣì. Ọgbọ̀n orúnkún la pinnu pé ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nínú ìwé rẹ̀ kí a tó ṣí ojú ewé ọrùn ọwọ́. Èmi ti dé mẹ́tàlélógún.